Ìlà Ẹfun ní Yàrá Keje

Bàbá mi kì í ṣe olówó, akọ̀wé ìdí òṣùwọ̀n ni
ní ilé ìkẹ́rùsí tó kọjú sí ọ̀sà l'Épẹ̀ẹ́,
níbi tí ọkọ̀ Èjìnrìn ti ń já èkùrọ́ sílẹ̀
àpò lórí àpò, títí páànù òrùlé á fi máa làágùn.
Mo mọ òórùn ilé náà kí n tó mọ orúkọ rẹ̀:
epo tó ti kan, àpò ìdọ̀họ tútù, ìgbẹ́ àdán.

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni àgádágodo fi dípẹtà lẹ́nu ọ̀nà.
Ewúrẹ́ bí níbẹ̀, ewúrẹ́ kú níbẹ̀.
Àfi bí Ẹnjiníà Ṣótàyọ̀ ṣe dé pẹ̀lú bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀,
ó ní hòtẹ́ẹ̀lì lòun fẹ́ fi ṣe,
yàrá méjìlá péré,
fún àwọn tí ariwo Èkó ti sú létí.

Bíríkìlà ni mí. Wọ́n ní kí n wá rẹ́ ògiri;
iṣẹ́ ò nítìjú, owó ilé ìwé ò gbẹ̀bẹ̀.
"Má rẹ́ gbogbo rẹ̀ o," ló wí. "Fi bíríkì àtijọ́ sílẹ̀ níbí,
kó hàn. Àwọn àlejò fẹ́ràn ohun tó bá gbó."
Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ilé tèmi náà gbó,
kò sẹ́ni tó sanwó wá sùn níbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn pákó tí wọ́n kàn bo ògiri,
mo bá ìlà ẹfun: mẹ́rin lóòró, ọ̀kan dábùú,
mẹ́rin lóòró, ọ̀kan dábùú, láti ojú fèrèsé dé igun.
Irin ìrẹ́lé bọ́ lọ́wọ́ mi.
Mo mọ ọwọ́ yẹn. Èyí tó dábùú kì í gún,
ó máa ń tẹ̀ sílẹ̀ níparí,
nítorí ìka tí irin òṣùwọ̀n gé.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ibà dè é mọ́lẹ̀ ló sọ fún ìyá mi,
ó rò pé mo ti sùn:
"Àpò tó bá wọn ọgọ́sàn-án, ọgọ́jọ lọ̀gá ní kí n máa kọ.
Mo ń kọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹnu mẹ́fà ló ń jẹun níbí.
Ṣùgbọ́n èyí tí a yọ, mo ń kọ ọ́ síbòmíràn."
Ìyá mi ò dá a lóhùn. Ó rẹ iná àtùpà sílẹ̀.

Ibòmíràn nìyí.
Gbèsè Àgbọ̀wà, gbèsè Èjìnrìn,
ti àwọn obìnrin tó fi òkúta pa èkùrọ́ títí èékánná fi dúdú.
Mo kà á títí oòrùn fi wọ̀. Mo lé ní ẹgbẹ̀ta, mo ṣì í kà,
mo tún bẹ̀rẹ̀.

"Kí lèyí?" ni Ẹnjiníà bi mí.
Mo ní, "Ìṣirò ni." Ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu mi,
ṣùgbọ́n ó ti ń pariwo lórí fóònù: "Ẹ gbé gíláàsì wá!"
Wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n tan iná kékeré sí i lórí.
Yàrá keje. Òun ló wọ́n jù nínú méjèèjìlá.

Nígbà òjò, páànù jò, wọ́n pè mí padà.
Sùwébátù ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ Èjìnrìn, orí rẹ̀ ti funfun tán.
N ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi sọ fún un.
Ó dúró, ìrọ̀rí lábíyá, ó sún mọ́ gíláàsì,
ó ní, "Èwo ni ti ìyá mi níbẹ̀?"
Bàbá mi ò kọ orúkọ. Ìlà ló kọ.
Mo wòkè, mo ní omi ń kán ní igun yẹn.
Ó fi etí ìró nu èémí rẹ̀ kúrò lójú gíláàsì,
ó padà sídìí bẹ́ẹ̀dì,
ó ń ki igun aṣọ bọ abẹ́ fóòmù, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
mẹ́rin.